Eré Ọgọ́rin ní Ọ̀nà Ìbàdàn

Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, gùn tó nǹkan bí kìlómítà 127. Láti Bẹ́gà dé Mowé, eré sísá kọ́ ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní í jọba. Ẹ́ńjìnnì a máa jó epo nígbà tí táyà kò yí. Ẹ̀yìn oríta Ṣàgámù ni ọ̀nà ti ń là gbọrọ, tí ẹsẹ̀ awakọ̀ fi ń wúwo.

Bàbá tó wà wá lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí kò kọjá 80 kìlómítà ní wákàtí kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi kò lè mú un mọ́ra.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i."

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ ni yóò bá mi ra epo?"

Bàbá kò ṣàwàdà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, líta kan fò láti iye tí kò tó 200 náírà sí nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì padà síbi tó wà mọ́. Epo tó bá ṣẹ́kù nínú táǹkì ni èrè ọ̀pọ̀ awakọ̀.

Níbo wá ni epo ń lọ? Lórí eré, afẹ́fẹ́ ló ń jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá na ọwọ́ síta láti ojú fèrèsé ọkọ̀ tó ń sáré (n kò ní kí ẹ dán an wò o) yóò mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti nǹkan sẹ́yìn. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára ìtì náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti 80 sí 120, ó ju ìlọ́po méjì lọ. Iṣu tí a dì sórí ọkọ̀ ń fi kún un, fèrèsé tí a ṣí gbayawu náà ń fi kún un. Síbẹ̀, kì í ṣe kí a máa rá pálá: ọkọ̀ tó ń fi jíà kìíní wọ́ lọ ń mu epo gan-an. Ní ọdún 1974 tí epo wọ́n, Amẹ́ríkà fi òfin dè é kí ọkọ̀ má kọjá nǹkan bí 88 kìlómítà ní wákàtí kan.

Bí ọ̀nà bá tilẹ̀ ṣófo láti Èkó dé Ìbàdàn, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 péré ni ẹni tó sá 120 fi máa ṣáájú ẹni tó sá 80. Bẹ́gà nìkan ti gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ wa.

Kí a tó dé Ògèrè, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti sùn lọ. Èmi ń wo àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó tò lọ bẹẹrẹ, àwọn awakọ̀ tó tẹ́ ẹní sábẹ́ wọn, àti obìnrin kan tó ń din àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà. Mo rí gbogbo wọn dáadáa.