Ìyá Olóbì Ni Wọ́n Ń Pè Mí

Gbogbo ẹni tó bá ti ń bá mi bọ̀ láti JSS1 ló mọ orúkọ ìnagijẹ mi: Ìyá Olóbì. N kò sì jẹ obì rí láyé mi! Eyín mi kan ló fa orúkọ náà, eyín iwájú lókè, lápá òsì, tó dúdú bíi ti àgbàlagbà tó ti ń họbì jẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé láti ìgbà tí a ti wọlé tẹ́ẹ̀mù yìí, àwọn kan ń sọ kiri pé mo lọ ra eyín tuntun n'Íbàdàn. N kò ra eyín. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ọmọ ọdún 9 ni mí nígbà tí apá irin kànga ẹlẹ́rọ gbá mi lẹ́nu. Omi la lọ pọn. Ẹ̀gbọ́n mi ń fa irin náà, èmi bẹ̀rẹ̀ láti wò ó bóyá kẹ́ẹ̀gì ti kún, irin fò sókè, gbì! Ẹ̀jẹ̀ dà. Eyín náà mì, ṣùgbọ́n kò yọ. Ìyá mi fi omi iyọ̀ fọ ẹnu mi, nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, eyín ti dúró gírí, kò sì dùn mí mọ́. Gbogbo ilé dúpẹ́. Ta ni yóò gbé ọmọ lọ sí ọsibítù nítorí eyín tí kò yọ, tí kò sì dùn ún? Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí eérú. Nígbà tí mo fi máa wọ JSS1, ó ti dúdú.

Kì í ṣe orúkọ náà ló ń dùn mí jù, ọwọ́ mi ni. N kì í rẹ́rìn-ín láìfi ọwọ́ bo ẹnu. Bí wọ́n bá ní kí n kàwé sókè ní kíláàsì, ìwé ni màá gbé bo ẹnu, olùkọ́ á ní, "Gbé ohùn sókè!" Ẹ̀yin Press Club náà ẹ rántí ọdún tó kọjá tí ẹ yàn mí pé kí n ka ìròyìn ní assembly. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Ọ̀fun kankan ò dùn mí o.

Kò sí ohun tí n kò dán wò. Mo fi èédú fọ̀ ọ́. Mo fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí erìgì mi fi bó. (Ẹ má dán ti ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn wò. Kíkan rẹ̀ máa ń jẹ ara eyín ni, èyí tó bá sì jẹ kò ní hù padà.) Lẹ́yìn náà ni mo rí veneer lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Ìbòrí tín-ínrín ni, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú eyín, eyín á wá funfun bí àwo tánganran. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó pamọ́. Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, ó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe ojú lóge. Ó ní òun á fi fáìlì họ ojú eyín náà, òun á lẹ nǹkan funfun mọ́ ọn, kíá, ó parí. Mo ti gbà. Ìyá mi ló gbọ́, ó pariwo lé mi lórí: "Ṣé ẹni tó kọ́ṣẹ́ eyín nìyẹn? Bó bá bà á jẹ́, ṣé á fi tiẹ̀ dípò ni?" Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló pe àbúrò rẹ̀ tó ń gbé Ìbàdàn.

Nígbà ọlidé, a wọ mọ́tò ní Lánlátẹ̀, a gba Èrúwà, a gba Ìdó, a bọ́ sí Ológuneru, ó di UCH. Dókítà obìnrin kan ló gbà wá. Mo sọ fún un pé veneer ni mo wá ṣe. Ó ní, "Ó dáa. Kí la fẹ́ fi bò?" N kò mọ ohun tí màá sọ.

Ó mú nǹkan kan tó tutù bíi yìnyín, ó fi kan eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó dúdú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ó fi kan èyí tó dúdú. N kò mọ nǹkan kan lára. Wọ́n ya X-ray, ó fi hàn wá: òjìji kan wà ní ìsàlẹ̀ gbòǹgbò rẹ̀. Ó wá yíjú sí ìyá mi: "Màmá, eyín yìí ti kú, ó ti pẹ́." Inú eyín kì í ṣe òkúta o. Ẹran tútù wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń gba ìdí gbòǹgbò wọ ibẹ̀. Nígbà tí irin yẹn gbá mi, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ já. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ rin ara eyín láti inú wá, òun ló sọ ọ́ di dúdú. Kò sí èédú tó lè fọ̀ ọ́, nítorí pé ìdọ̀tí náà kò sí lóde. Àìsàn sì ti ń jẹ eegun tó wà ní ìdí rẹ̀. Ká ní wọ́n ti bá mi lẹ nǹkan funfun mọ́ ọn ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, aṣọ àlà la ì bá dà bo egbò.

Nítorí náà, ìbòrí tí mo bá wá ló gbẹ̀yìn. Wọ́n kọ́kọ́ lu ihò kékeré sẹ́yìn eyín náà, wọ́n nu inú rẹ̀ mọ́, wọ́n dí ọ̀nà gbòǹgbò rẹ̀ pa. Root canal ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rù bà mí ju bó ṣe dùn mí lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fi oògùn funfun kan sínú rẹ̀, wọ́n dí i, wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ tí a ń bọ̀. Láti inú ni eyín náà ti ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Ègúsí tí ìyá mi fẹ́ tọ́jú di ìgbà tí yóò wọ́n ló tà fún owó mọ́tò àti owó ọsibítù. Kò sọ ọ́ létí mi. Mo rí i pé àpò ègúsí kò sí ní igun yàrá mọ́.

Mo ṣì bẹ dókítà pé tánganran ni mo fẹ́. Ó kọ̀. Ó ní wọ́n sábà máa ń gé ojú eyín kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, bí ìdajì mìlímítà, àti pé ohun tí wọ́n bá gé kì í padà. Kí n dàgbà tán ná. Composite ló lò fún mi, nǹkan rírọ̀ tí wọ́n ń tò lé ojú eyín, tí iná aláwọ̀ búlúù ń mú kó le. Ó kọ́kọ́ fi ásíìdì pa ojú eyín kó lè dì í mú. Ẹ̀yin ọmọ Science, phosphoric acid ni o, H₃PO₄ tí a kọ́ ní Chemistry! Mo lọ kà nípa rẹ̀. Ní 1928, dókítà eyín kan ní Hollywood, Charles Pincus, ń lẹ ìbòrí mọ́ eyín àwọn òṣèré fíìmù, ṣùgbọ́n wọ́n á ṣí i kúrò bí wọ́n bá ti ya fíìmù tán, torí pé kò lè dúró. Ọdún 1955 ni Michael Buonocore, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí ásíìdì bá kọ́kọ́ kan ojú eyín, ohun tí a bá lẹ̀ á dì mọ́ ọn dáadáa.

Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín jù rèé. Mo ní èjí, mo jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá mi. Dókítà bi mí bóyá kí òun fi composite náà dí èjí yẹn pọ̀. Kí n tó lanu, ìyá mi ti dìde lórí àga: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan èjí ọmọ mi!" Dókítà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní dandan ni kí òun bèèrè, pé àwọn kan ń wá dí tiwọn, àwọn tí kò ní sì ń wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n là á fún àwọn.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí n sọ, torí àwọn tó ń fi eyín ẹlòmíì ṣẹ̀sín pé kò fọ ẹnu. Oògùn tetracycline tí ọmọdé bá lò kó tó pé ọdún 8, tàbí tí ìyá rẹ̀ lò nínú oyún, lè sọ eyín di ràkọ̀ràkọ̀ títí ayé. Omi tí fluoride pọ̀ nínú rẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wà ní Langtang, ní ìpínlẹ̀ Plateau. Búrọ́ọ̀ṣì kò lè yọ ọ́.

Tèmi kò tíì parí. Composite kì í pẹ́ tó tánganran, ó sì máa ń yí àwọ̀. N kò gbọdọ̀ fi eyín náà fọ́ eegun, n kò gbọdọ̀ fi ya ìrèké, n kò gbọdọ̀ fi ṣí ìgò. Ẹ sì gbọ́ o: dókítà ní n kò gbọdọ̀ jẹ obì, pé á pọ́n ọn. Ìyá Olóbì tí kò gbọdọ̀ jẹ obì!

Ọwọ́ mi ṣì máa ń lọ sí ẹnu mi kí n tó rántí. Press Club ti tún kọ orúkọ mi fún ìròyìn Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ní assembly. Mo ti sọ fún wọn pé màá kà á.