KÍ NI ÌJỌBA ỌLỌ́RUN?

 

Lójoojúmọ́ ni à ń bẹ Baba wa pé kí ìjọba rẹ̀ dé, gẹ́gẹ́ bí Jésù ti kọ́ wa (Mátíù 6:10). Ìjọba wo ni à ń béèrè? Nígbà tí a bá bi àwọn ará ní àkókò ẹ̀kọ́ Bíbélì, ìdáhùn tí a máa ń gbọ́ jù ni pé òkè ọ̀run ni, ibi tí onígbàgbọ́ ń lọ lẹ́yìn ikú. Ìdáhùn yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, wọ́n kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí a túmọ̀ sí ìjọba, èyíinì ni basileia, kì í sọ nípa ilẹ̀ tàbí ibùgbé nìkan. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń sọ ni àṣẹ ọba àti àkóso rẹ̀. Inú wa dùn nígbà náà, nítorí èdè Yorùbá ti sọ ọ́ kedere. Inú “jọba” ni “ìjọba” ti wá. Bí ènìyàn bá jọba, kì í ṣe pé ó kó lọ sí ìlú mìíràn. Àṣẹ ìlú ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìjọba Ọlọ́run ni pé Ọlọ́run ń jọba. Ibi tí a bá ti ń ṣe ìfẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ìjọba rẹ̀ dé. Ohun kan náà ni Mátíù ń pè ní ìjọba ọ̀run. Ẹ fi Mátíù 4:17 wé Máàkù 1:15, ẹ ó rí i.

Nínú àdúrà, a máa ń pe Ọlọ́run ní Kábíyèsí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó lè bi í pé kí ló dé. Ẹni tí ó pè é bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, tí ó sì ń bá a jiyàn ní ọjọ́ Ajé lórí owó, lórí aya rẹ̀, tàbí lórí ilẹ̀ ọmọ òrukàn, ẹnu lásán ni ó fi jọ́sìn.

Lẹ́yìn irú ìwàásù yìí, arábìnrin kan tí ó ń ta gàrí wá bá wa. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí. Ó ní, “Pásítọ̀, wọ́n ti lu ìdí kóńgò mi wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ti gbogbo àwọn tí wọ́n yí mi ká rí. Bí mo bá lo èyí tí ó pé, kí ni màá fi san owó iléèwé ọmọ mẹ́ta?”

A kò ṣèlérí fún un pé èrè rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì. A ka Òwe 11:1 àti Mátíù 6:33, a sì gbàdúrà. Ó ra kóńgò tuntun, ó sì fi owó díẹ̀ lé iye tí ó ń tà á. Àwọn oníbàárà kan lọ. Àwọn kan padà, àwọn mìíràn kò padà mọ́. Ní sáà yẹn, owó iléèwé ọmọ kan kò pé, àpò àánú ìjọ ni ó bá a pé e. Nígbà tí opó kan gbọ́ràn sí Ọba, tí àwọn ará sì bá a gbé ẹrù ìgbọràn náà, ìjọba Ọlọ́run ti dé ọjà nìyẹn.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé: bí Ọlọ́run bá ń jọba, kí ló dé tí òdodo fi nira tó báyìí? Ẹ wo Dáfídì. Sámúẹ́lì ti ta òróró sí i lórí ní ilé baba rẹ̀, síbẹ̀ Sọ́ọ̀lù ṣì wà lórí ìtẹ́. Nígbà tí ó ń sá kiri, nǹkan bí 400 ọkùnrin, àwọn onígbèsè àti àwọn tí ìpọ́njú bá, lọ bá a ní ihò Ádúlámù (1 Sámúẹ́lì 22:2). Wọ́n fi í ṣe olórí nígbà tí kò tíì ní ààfin. Ẹni 30 ọdún ni kí ó tó jọba (2 Sámúẹ́lì 5:4).

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa rí. Jésù sọ pé ìjọba náà ti dé (Lúùkù 11:20), ó sì tún ní kí á máa gbàdúrà fún dídé rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì parí. Àárín méjèèjì ni a wà, ìgbọràn wa ni ó sì ń fi hàn pé Ọba kan ni à ń retí. Kì í fi ariwo tàbí idà wá. Bí ìwúkàrà inú ìyẹ̀fun ni ó ń ṣiṣẹ́ (Mátíù 13:33).

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ pe àwọn ọmọ jọ lálẹ́ òní, kí ẹ bi ara yín pé: ibo nínú ilé yìí ni Ọlọ́run kò tíì jọba? Bóyá ọ̀nà tí a ń gbà bá ara wa sọ̀rọ̀ ni. Bóyá owó tí ọkọ tàbí aya ń fi pamọ́. Bóyá ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í jẹun yó ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Àdúrà wa ni pé kí Olúwa jọba ní ilé yín, ní ìsọ̀ yín àti ní ibi iṣẹ́ yín, títí ọjọ́ tí gbogbo ayé yóò fi mọ̀ pé òun ni Ọba. Ní orúkọ Jésù. Àmín.