Fóònù Mẹ́ta Tí Kò Gbọ́ Ohùn Bàbá

Ní ilé wa ní Ìfọ̀nyìn, a ní kọ̀ǹpútà kékeré kan. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó wà lórí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ Wi-Fi. Bí ẹni tí ó wà nínú ilé bá tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú fóònù, yóò gbọ́ ohùn tí a tọ́jú sínú rẹ̀. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní sáfà. Kì í jẹ mẹ́gà, nítorí pé kò sí ohun tí ó ń jáde kúrò nínú ilé.

Ohùn bàbá wa ni a tọ́jú sínú rẹ̀. Kí bàbá tó kú, ọmọ mi ọkùnrin jókòó tì wọ́n ní alẹ́ mẹ́rin, ó sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n ki oríkì ìdílé wa. Wọ́n sọ bí a ṣe pín ilẹ̀ oko, àti ẹni tí ó ni apá kọ̀ọ̀kan.

Ní ọjọ́ tí ẹbí péjọ láti gbọ́ ọ, fóònù mẹ́jọ ni ó wà nílẹ̀. Márùn-ún gbọ́. Mẹ́ta kò gbọ́. Ti ìyá wa wà nínú mẹ́ta yìí.

Àbúrò bàbá wa obìnrin ní, “Ó jọ pé ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ kí ìyàwó wọn gbọ́ ọ.” Ìyá kò fèsì. Mo ní kí wọ́n gba fóònù tèmi. Wọ́n kọ̀. Inú yàrá wọn, lórí fóònù ti ara wọn, ni wọ́n ti fẹ́ gbọ́ ọ.

Mo pa sáfà, mo tún tàn án. Kò sí ìyàtọ̀. Mo fẹ́ tú u palẹ̀, ṣùgbọ́n mo ronú pé bí kànga bá gbẹ, kò sí ẹni tí yóò rí omi fà. Ẹni márùn-ún ń fa omi níbí. Kànga kọ́ ni ó bàjẹ́.

Mo pe ọmọ mi ní Àjàṣẹ́. Ó ní, “Ìyá mi, ẹ ka nọ́ńbà tí Wi-Fi fún fóònù kọ̀ọ̀kan.” Ẹ̀yin tí a jọ wà ní kíláàsì, ẹ mọ̀ pé n kò lè ka nọ́ńbà kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Mo gbé gíláàsì wọ̀, mo sì kọ wọ́n sílẹ̀:

Sáfà: 192.168.1.20
Fóònù mi: 192.168.1.34
Fóònù ìyá: 192.168.2.11

Ẹ wo apá kẹta. Láti ọdún 1994 ni a ti ya nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 sọ́tọ̀ fún lílò nínú ilé àti ọ́fíìsì. Ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù lè ní irú èyí tí a ní, wọn kò sì ní pàdé. Nínú ilé tiwa, ọ̀nà 1 àti ọ̀nà 2 kò pàdé.

Ẹni tí ó bá wa to ẹ̀rọ Wi-Fi ti ṣe orúkọ méjì sí i: ọ̀kan fún ará ilé, èkejì fún àlejò. Ti àlejò lè jáde lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò lè kan ilẹ̀kùn ohunkóhun nínú ilé. Orí ti àlejò ni ó fi fóònù ìyá sí. Ìyá wa di àlejò nínú ilé tí àwọn àti bàbá jọ kọ́! Fóònù àbúrò bàbá náà wà níbẹ̀. Nígbà tí mo kà á sókè, wọ́n dákẹ́.

Fóònù kẹta jẹ́ ti ìbátan wa kan láti Igolo, létí ẹnubodè. Nọ́ńbà tirẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n a kò tíì san owó íntánẹ́ẹ̀tì oṣù náà. Fóònù rẹ̀ rí i pé Wi-Fi kò débi kankan, ó sì gba orí mẹ́gà lọ wá sáfà níta, níbi tí kò sí. A pa mẹ́gà, ó sì gbọ́.

Mo fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti ará ilé sínú fóònù ìyá. Wọ́n gbé e wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Láti àgbàlá ni a ti gbọ́ tí bàbá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oríkì. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ìyá pè mí. Wọ́n ní kí n bá àwọn dá a padà sí ibi tí bàbá ti wúkọ́.