Ibi Ìkúnlẹ̀ Ẹja

Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtumọ̀ orúkọ Yemọja: Yèyé-ọmọ-ẹja, ìyá tí ẹja jẹ́ ọmọ fún. Wọn a kọ ọ́ sílẹ̀, wọn a sì gba máàkì sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n léèrè ibi tí ẹja ti ń bímọ nínú odò Ògùn, tí í ṣe ibùjókòó òrìṣà náà, kẹ́kẹ́ a pa. Ìbéèrè yìí kan gbogbo wa.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni ẹja ń bímọ sí. Òjò ni àrọ̀ ń dúró dè. Bí odò bá kún, tí ó ya wọ inú koríko etídò, takọtabo wọn a fi ibú sílẹ̀ ní òru, wọn a wọ inú omi tí kò jìn yìí. Akọ a wé mọ́ orí abo, abo a sì yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí yóò lẹ̀ mọ́ ewé koríko. Ní nǹkan bí ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ààbọ̀, wọn a pa. Àrọ̀ kì í ṣọ́ ẹyin. Koríko àti omi ni alágbàtọ́ ọmọ rẹ̀. Ti epìyà yàtọ̀. Akọ a gbẹ́ kòtò roboto sínú iyanrìn ìsàlẹ̀ omi. Nínú púpọ̀ wọn, abo a yé síbẹ̀, a sì kó ẹyin náà sẹ́nu títí àwọn ọmọ yóò fi lè dá lúwẹ̀ẹ́.

Ẹ wá wo ohun tí a fi omi ṣe. Ní ọdún 1983 ni wọ́n ṣí dáàmù Ọ̀yán, lórí odò tí ó ń ṣàn wọ Ògùn. Èmi náà ń mu omi ẹ̀rọ, n kò sì ní kí ìlú má mu omi. Ṣùgbọ́n dáàmù a máa gba omi àkọ́rọ̀ òjò dúró, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ìpè tí àrọ̀ ń retí. Bí omi tí a tú sílẹ̀ bá sì kún lójijì, tí ó tún fà lójijì, ẹyin ara koríko a gbẹ sí oòrùn. Àwọn àgbà ní omi ni à ń tẹ̀ kí á tó tẹ iyanrìn. Lónìí, iyanrìn gan-an ni à ń wà kúrò nísàlẹ̀ ọ̀sà Èkó láti fi kọ́lé, tìtẹ́-tìtẹ́ epìyà. Ooru náà kò gbẹ́yìn: àwọn onímọ̀ ti rí i pé bí omi tí ọmọ epìyà odò Náílì wà bá gbóná tó nǹkan bí digirì 36, púpọ̀ nínú wọn ni yóò di akọ. Ta ni yóò wá yé ẹyin?

Àwọn kan yóò ní àrọ̀ ṣáà kún ọjà. Òótọ́ ni, inú adágún ọ̀sìn ni ọ̀pọ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n àrọ̀ adágún, bí ó ti wù kí ó sanra tó, kì í sábà yé fúnra rẹ̀, nítorí àkúnya kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni a ń gún abo. Akọ ni a sì ń pa kí á tó rí àtọ̀ rẹ̀ gbà. N kò bú àwọn tí ń ṣe é, àwọn ni ó ń bọ́ wa. Síbẹ̀, abẹ́rẹ́ kò lè di odò.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tóbi: kí àwọn tí ń ṣọ́ dáàmù jẹ́ kí díẹ̀ nínú omi àkọ́rọ̀ kọjá, kí ó sì máa fà díẹ̀díẹ̀, kí a sì fi àwọn àbàtà etídò kan sílẹ̀ láìro, láìwà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó ṣì máa ki Yemọja ní ìyá ẹja, lẹ́yìn tí a ti gba ibi ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.