Ǹjẹ́ Àkókó ń Ba Igi Jẹ́?

Ní Ṣábẹ̀ẹ́, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí igi ti gbọn ewé dànù, a máa ń gbọ́ àkókó kí a tó rí i. (Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ má ṣi ohùn rẹ̀ pè: àkókó ni ẹyẹ, akòko ni igi tí a ń fi ewé rẹ̀ joyè.) Nínú ìtàn àwọn àgbà, afọ́nnu ni: ó ní òun lè fi ẹnu gbẹ́ odó, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú, eéwo so sí i lẹ́nu. Nínú ìwé Faransé tí àwa kà, «pic gris» lásán ni, kò sì ní ìtàn kankan.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kàn án nísinsìnyí wúwo ju ìfọ́nnu lọ. Owó kajú ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní agbègbè Collines fi ń san owó ilé-ìwé. Bí ẹ̀ka kajú bá gbẹ tí a sì bá àkókó lórí rẹ̀, ẹyẹ ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Àwọn ọmọ kíláàsì wa ń fi kànnàkànnà ta á, àwọn òbí sì ń yìn wọ́n. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a bi wọ́n: ta ni ó kọ́kọ́ dé orí ẹ̀ka náà?

Àkókó kì í jẹ igi. Ìdin, èèrà àti ikán ni oúnjẹ rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìdí ahọ́n náà fi yí ẹ̀yìn agbárí rẹ̀ ká. Òun ni ó ń tì bọ inú ihò láti fa ìdin jáde. Igi tí ń ṣàìsàn tàbí tí ó ti kú ni ìdin pọ̀ sí jù, ibẹ̀ ni àkókó sì ń lọ. Bí ó bá fẹ́ yé ẹyin, ẹ̀ka tí ó ti jẹrà láti inú ni ó sábà máa ń gbẹ́, nítorí igi tútù le. Nígbà tí ó bá kúrò níbẹ̀, òwìwí kékeré àti àwọn ẹyẹ mìíràn tí ẹnu wọn kò lè gbẹ́ igi a wọ inú ihò náà gbé. Ẹni tí ó gé gbogbo igi gbígbẹ fún èédú ti wó ilé gbogbo wọn.

A kò sọ pé àkókó kò lè ṣe igi ní ibi rárá. Ní Amẹ́ríkà, irú àkókó kan wà tí ń lu ihò wẹ́wẹ́ sí èèpo igi tútù láti mu oje rẹ̀. Bí ihò bá yí igi ká, igi náà lè kú. Irú èyí kò sí ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Ọ̀daràn tí ń ṣọṣẹ́ ní oko kajú wa ní ìwo gígùn lórí àti àwọ̀ dúdú pẹ̀lú ìlà pupa rúsúrúsú lẹ́yìn: kòkòrò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Analeptes trifasciata. Ó ń fi eyín gé èèpo àti igi yíká títí ẹ̀ka yóò fi já tàbí kí ó gbẹ, ó sì ń yé ẹyin rẹ̀ sínú ẹ̀ka náà. Inú ibẹ̀ ni ìdin rẹ̀ ti ń dàgbà. Bí ó bá ti mú kajú tán, ó ń bá araba àti osè náà jà.

Nítorí náà, nígbà tí a kó àwọn ọmọ lọ sí oko, ilẹ̀ ni a ní kí wọ́n wò kí wọ́n tó wo òkè. Ẹ̀ka tí ojú ibi tí ó ti já rí bí ohun tí a fi ọ̀bẹ gé yíká, iṣẹ́ kòkòrò ni. Ẹ kó o jọ, kí ẹ sun ún kí ìdin tó di kòkòrò tí ń fò. Ihò roboto lára ẹ̀ka gbígbẹ, ti àkókó ni. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan bi wá bóyá a ó san owó kànnàkànnà rẹ̀ padà fún un. A kò tíì dá a lóhùn.