Ohun tí oven ń jẹ kí á tó wọ̀n ọ́n

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ni mo tiẹ̀ ń kà fún PhD gan-an. Tí mo bá ní oúnjẹ màlúù ni, ẹ̀rín ni. Bùrọ̀dá mi kan ní, "O wọ bàlúù dé ìlú Ọba, koríko lo wá kó?" Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé lónìí, torí ọ̀rọ̀ owó wà nínú ẹ̀.

Silage ni koríko tútù tàbí àgbàdo tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, tí wọ́n fi ọ̀rá bò kí atẹ́gùn má ráàyè wọlé. Á wá kan, bí ògì ṣe ń kan. Kíkan yẹn ni kì í jẹ́ kó bàjẹ́. Níbí, òun ni ọ̀pọ̀ màlúù ń jẹ nígbà òtútù tí koríko kì í hù.

Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ mọ bí tiẹ̀ ṣe dára tó á bu díẹ̀ ránṣẹ́ sí lab. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wò ni ohun tó ṣẹ́kù tí omi bá kúrò, èyí tí à ń pè ní dry matter. Orí ẹ̀ ni gbogbo ìṣirò yòókù dúró lé. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ẹni tó bá ti sá láfún rí mọ̀ pé bó ṣe ń gbẹ ni òórùn ẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Òórùn yẹn kì í ṣe omi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni silage. Nínú oven, omi nìkan kọ́ ló ń jáde: acetic acid ń lọ, ọtí ń lọ, ammonia ń lọ, díẹ̀ lára lactic acid pàápàá ń tẹ̀ lé wọn. Oúnjẹ sì ni acid àti ọtí wọ̀nyẹn fún màlúù. Ní ti ammonia, nitrogen wà nínú ẹ̀, nitrogen yìí là ń wọ̀n tí à ń sọ di ìlọ́po 6.25 ká lè mọ iye purotéènì. Èyí tó bá ti fò lọ, a ò ní rí i kà.

Ká ní 100 gíráàmù wọ oven, 28 ló jáde. A ó kọ 28%. Tí 2 gíráàmù nínú ohun tó fò lọ bá jẹ́ acid àti ọtí ńkọ́? 30% ló yẹ ká kọ nìyẹn. Màlúù tó ń jẹ 40 kílò silage lóòjọ́, a ó ní dry matter 11.2 kílò ló jẹ, bẹ́ẹ̀ 12 ni. Tí màlúù bá jẹ́ 100, 80 kílò la ò kà lójúmọ́. Ẹni tó ń ta silage lórí dry matter ti pàdánù owó, kò tiẹ̀ mọ̀.

Ẹ máa ní ká dín iná kù. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Tí iná bá kéré jù, á pẹ́ kó tó gbẹ, àwọn kòkòrò àìfojúrí á ṣì máa jẹ ṣúgà inú ẹ̀. Tó bá pọ̀, bíi 100°C, ṣúgà àti purotéènì á lẹ̀ mọ́ra, á pọ́n bí èèpo búrẹ́dì, tí a bá sì wọn fiber, purotéènì yẹn á wọ inú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń lo nǹkan bíi 60°C. Ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan dì kó tó fa omi ẹ̀ jáde sàn ju oven lọ fún ṣúgà àti purotéènì, àmọ́ acetic acid ṣì ń sá lọ níbẹ̀ náà.

Ohun tó ń dùn mí nìyí: àwọn ọ̀rẹ́ mi nílé ń fi èèpo ẹ̀gẹ́ ṣe silage, iṣẹ́ gidi. Oven nìkan ni wọ́n ní, NEPA sì lè mú iná lọ lóru. Wọ́n dá ìwé ọ̀kan nínú wọn padà torí pé kò ní ẹ̀rọ olówó ńlá. Èmi ò gbà. Oven kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kọ ìwọ̀n ooru àti wákàtí tó o lò. Mú gbogbo ẹ̀ gbẹ lọ́nà kan náà. Wọn nitrogen àti acid lára èyí tó ṣì tútù, kó o fi iye acid tó sá lọ kún dry matter ẹ. Ẹni tó ṣe èyí sàn ju ẹni tó ní ẹ̀rọ ńlá tí kò sọ bó ṣe lò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ògbómọ̀ṣọ́, báwo lẹ ṣe ń mú tiyín gbẹ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mò ń kà á.