Ẹni Tó Ń La Ọ̀nà Ni Ìbọn Ń Kọ́kọ́ Bá

Ọmọ àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn injiníà ológun ní Makurdi bi mí pé, "Bàbá, ta ló kọ́kọ́ fi irin bo katapílà?" Mo ní ikú àwọn awakọ̀ ló fà á. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí etíkun Normandy, katapílà D7 àti D8 tí wọ́n fi irin bò wà lára ohun tó ń kó ìdènà kúrò kí àwọn yòókù tó rí ọ̀nà gbà. Àwọn ará Ísírẹ́lì fi irin bo D9 títí ó fi wúwo ju tọ́ọ̀nù 60 lọ. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà mú irú rẹ̀ lọ sí Iraq ní 2003.

Sájẹ́ǹtì tó kọ́ mi níṣẹ́ katapílà wíwà, tó ti ja ogun abẹ́lé, orí ìjókòó gbalasa ló ti ṣe tirẹ̀. Okùn irin ló ń gbé abẹ iwájú katapílà sókè nígbà náà. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń mu bẹntiróò lẹ ó kọ́kọ́ tan kí ti dísù tó dáhùn. Ojú ọ̀gá kì í kúrò lára abẹ yẹn. Ìdí rẹ̀ ló fi ń mọ ilẹ̀ tó rọ̀, etí rẹ̀ ló fi ń mọ okùn tó fẹ́ já. Okùn yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Mi ò tíì rí ohun tó kọ́ ọmọṣẹ́ ní sùúrù tó o.

Ní 1990, mo bá ECOMOG, ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, dé Monrovia ní Liberia. Jórinjórin wa jó irin mọ́ ẹ̀yìn mi àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Èmi ni mo ní kó fi iwájú sílẹ̀. Àwọn kan pè é ní agídí, ṣùgbọ́n awakọ̀ tí kò rí etí abẹ rẹ̀ lè wó ilé lé ọmọlọ́mọ lórí. N kò wó ilé lé ẹnikẹ́ni lórí rí.

Ní ti katapílà òde òní, gíláàsì tó nípọn ni, ẹ̀rọ amúlétutù ni, kámẹ́rà ni. Ilẹ̀ gbígbẹ́ fún ààbò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: àwọn baba wa fi yàrà dáàbò bo ìlú. Ní 2017 tí wọ́n gbẹ́ yàrà kìlómítà 27 yí Yunifásítì Maiduguri ká, orí mi wú, síbẹ̀ mi ò gbọ́ orúkọ awakọ̀ kankan. Atamátàsé ni gbogbo ayé ń kí.

Ẹ fi irin bo àwọn ọmọ yìí dáadáa, mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé wọn sórí ìjókòó gbalasa, kí ilẹ̀ kọ́ wọn, kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.